Ariwo kọ́ ni agbára: Ohun tí mo rí nígbà tí mo dán káàdì géèmù tó dákẹ́ wò lórí 1080p, 1440p àti 4K

Ìbéèrè kan wà tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n bá fẹ́ ra káàdì gíráfíìsì sínú kọ̀ǹpútà: “Ṣé ó gbé 4K?” Ẹni tó ń béèrè kò ní mọ́nítọ̀ 4K nílé. Ẹni tó ń tà á kò sì bi í léèrè irú mọ́nítọ̀ tó ń lò. Ó kàn máa dáhùn pé, “Ó gbé e gan-an, bọ̀ọ̀dá mi, kò sí wàhálà.” Owó á ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Òfin ni mo kà ní yunifásítì, n kì í ṣe ẹnjiníà. Àmọ́ ẹni tó bá kàwé òfin, bí kò tilẹ̀ rántí nǹkan míì mọ́, á rántí pé “ó gbé e” kì í ṣe ẹ̀rí. Ó gbé e nínú géèmù wo? Férémù mélòó ló ń mú jáde ní sẹ́kọ́ǹdù kan? Ṣé káàdì yẹn fúnra rẹ̀ ló ya gbogbo àwòrán náà, àbí ó ya díẹ̀, ó wá fi ọgbọ́n nà án? Ẹ dúró níwájú adájọ́ kí ẹ ní “ó gbé e gan-an, Olúwa mi,” kí ẹ sì jókòó, ẹ máa rí ohun tí ojú yín máa rí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fi òpin ọ̀sẹ̀ méjì dán káàdì kan wò fúnra mi nínú yàrá mi. RTX 4060 ni, irú èyí tó ní fáànù méjì, tí wọ́n ń polówó pé kì í pariwo. NVIDIA gbé káàdì yìí jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là 299 ni wọ́n sì dá lé e. Mẹ́mọ́rì 8GB ló ní, iná 115 wáàtì ló sì ń jẹ tó bá ń ṣiṣẹ́ ní kíkún. Ó wà láàárín méjì: kì í ṣe èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, kò sì sún mọ́ ti àwọn ọlọ́lá.

Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé pé ọ̀sẹ̀ méjì péré kí káàdì yìí tó jáde ni báńkì àpapọ̀ CBN tú náírà sílẹ̀ pé kó máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà. Ẹni tó ń gba owó oṣù ní náírà, tó sì ń ra ọjà tí wọ́n fi dọ́là ṣírò, kò lè máa fi “ó gbé e” ra nǹkan. Owó oṣù mélòó kan lẹ ń kó sílẹ̀ yẹn o.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Mọ́nítọ̀ tó wà lórí tábìlì yín ló yẹ kó yan káàdì fún yín, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń tajà. Káàdì tó bá sì dákẹ́ kì í ṣe ọ̀lẹ. Lórílẹ̀-èdè tí iná ti wọ́n báyìí, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gan-an ni èrè.

Kí là ń wọ̀n gan-an?

Ojú mọ́nítọ̀ kún fún àmì tíntìntín tí wọ́n ń pè ní píksẹ́ẹ̀lì. Rẹsolúṣọ̀n ni iye àmì náà. Èyí tí a ń pè ní 1080p ní 1,920 lọ́nà ìbú, 1,080 lọ́nà òró. Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀, ó di 2,073,600. 1440p ní 3,686,400. 4K ní 8,294,400, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin 1080p láìlé láìdín.

Ẹ wá wò ó bí ẹni tó gbé iṣẹ́ ọ̀dà fún akunlé. Akunlé kan náà ni, búrọ́ọ̀ṣì kan náà ni, ẹ kàn sọ pé dípò yàrá kan, kó kun yàrá mẹ́rin láàárín àkókò kan náà. Ó sì gbọ́dọ̀ tún un kùn ní ìgbà 60 láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan kí ojú yín tó rí i pé eré náà ń lọ geere. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá kun gbogbo rẹ̀ tán ni a ń pè ní férémù. Férémù 60 ní sẹ́kọ́ǹdù kan ni 60 FPS.

Àmọ́ FPS nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ ká fi mọ́tò ṣàpẹẹrẹ. Bí dánfó bá gbé yín láti Òṣòdì dé Ìyànà-Ìpájà, a lè pín gbogbo ìrìn náà dọ́gba ká ní ó sáré 30 kìlómítà ní wákàtí kan. Ìṣirò yẹn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò sọ fún yín pé ẹ dúró sójú kan fún ogún ìṣẹ́jú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kí dẹ́rẹ́bà tó wá sáré bíi wèrè. Géèmù náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpíndọ́gba lè jẹ́ 70, kí eré sì máa há ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yà ní kọ́nà. Nítorí náà àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń wo nǹkan kejì tí wọ́n ń pè ní 1% low: nínú férémù 100, báwo ni èyí tó lọ́ra jù ṣe lọ́ra tó? Tí 1% low bá jìnnà sí ìpíndọ́gba, ẹ mọ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà lójú ọ̀nà.

Bí mo ṣe dán an wò

Kọ̀ǹpútà mi kì í ṣe nǹkan ńlá: Ryzen 5 5600, RAM 16GB, àti power supply 550 wáàtì, èyí tí NVIDIA fúnra rẹ̀ ní ó tó fún káàdì yìí. Géèmù mẹ́ta ni mo lò: EA Sports FC 24, nítorí pé òun ni gbogbo wa ń gbá, Forza Horizon 5, eré mọ́tò, àti Cyberpunk 2077, tó jẹ́ pé káàdì tó bá sọ pé òun ní agbára, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbé àwòrán gbogbo wọn sí ìpele tó ga jù, mo sì pa gbogbo ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń fẹ àwòrán lójú. N kò tan ray tracing. Mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ ohun tí káàdì yìí lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Mo jẹ́ kí géèmù ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n. Káàdì tí kò tíì gbóná máa ń sáré ju bó ṣe máa sáré nígbà tó bá yá, bí ọmọ tuntun lẹ́nu iṣẹ́. Mo wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì mú èyí tó wà láàárín. Kò sí AC. Mo ṣí wíńdò sílẹ̀, tẹmómítà ara ògiri sì ń sọ pé yàrá wà ní 31°C.

Mọ́nítọ̀ 1440p ni tèmi, mo sì lè fi wo 1080p náà lórí rẹ̀. Ti 4K ló di wàhálà, àfi kí n lọ bẹ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé kó yá mi ní tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ rẹ̀.

“Ṣé nítorí géèmù lo ṣe fẹ́ tú tẹlifíṣọ̀n mi kúrò lára ògiri?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ni o. Mo fẹ́ kọ nǹkan nípa ẹ̀.”

“Iṣẹ́! Lọ́yà tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Gbé kọ̀ǹpútà ẹ wá síbí, tẹlifíṣọ̀n mi ò ní jáde nílé.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé kọ̀ǹpútà lọ sí pálọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé.

Ohun tí mo rí

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́ọ̀lù. FC 24 lórí 1080p kọjá 100 FPS dáadáa. Mo gbé e lọ sí 1440p, ó ṣì kọjá 100. Lórí tẹlifíṣọ̀n 4K, 60 kò já títí tí ìdíje fi parí. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù nìkan lẹ ń gbá, ọ̀rọ̀ tiyín ti parí. Káàdì tó kéré jù èyí lọ pàápàá máa ṣe é fún yín.

Forza Horizon 5 sọ ìtàn míì. 1080p: ó lé ní 90. 1440p: ó lé ní 70. 4K: ó lé díẹ̀ ní 40. Mọ́tò ń sáré lórí 4K lóòótọ́, àwòrán rẹ̀ dùn-ún wò, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Tí mo bá yí ìdarí, ó ń ṣe bí ẹni pé mọ́tò náà ń rò ó kó tó gbọ́.

Cyberpunk ló wá tú àṣírí. 1080p: ó lé díẹ̀ ní 60, ó ṣeé ta. 1440p: ó wà ní àgbègbè 40. 4K: kò tó 20. Kì í ṣe géèmù mọ́ nígbà yẹn, ó ti di àwòrán tí wọ́n ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ gbójú sókè, ó ní, “Ṣé nẹ́tíwọ̀kì ni?”

Ẹ wo nǹkan méjì níbẹ̀. Èkíní, 4K jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin 1080p, síbẹ̀ Forza kò já sí ìdá mẹ́rin, ó ṣẹ́kù díẹ̀ kó tó ìdajì. Ìdí ni pé kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ inú férémù ló ń pọ̀ sí i bí àmì ojú mọ́nítọ̀ bá ṣe ń pọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, bí rẹsolúṣọ̀n bá ṣe kéré tó ni ẹrù ṣe ń bọ́ sórí CPU tó. Nínú bọ́ọ̀lù lórí 1080p, ìgbà púpọ̀ ni káàdì jókòó tó ń dúró de CPU, bí akunlé tó ti kun yàrá tán tó ń dúró kí bíríkìlà parí èyí tó kàn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ àti mọ́nítọ̀ 1080p ni pé káàdì olówó gọbọi lè máà fi férémù kankan kún un fún yín. Ẹ máa kàn ra ẹni tó máa jókòó.

Èkejì, ìpele àwòrán tó ga jù kì í fi gbogbo ìgbà tọ́ sí owó rẹ̀. Mo dá Cyberpunk lórí 1440p padà láti Ultra sí High, ó gòkè dé àgbègbè 50. Mo wo ojú pópó kan náà lẹ́ẹ̀mejì, mo wá ìyàtọ̀ tì. Ẹni tó bá dúró sójú kan tó ń ka òjìji lára ògiri lè rí i. Ẹni tí wọ́n ń yìnbọn lé lórí kò ráyè.

4K tí wọ́n fi 1080p sè

Lẹ́yìn tí mo ti rí agbára káàdì náà ní ìhòòhò, mo wá tan DLSS. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé káàdì á ya àwòrán kékeré, ẹ̀rọ tó ti kọ́ nípa àwòrán á sì fẹ̀ ẹ́ títí tó fi kún ojú mọ́nítọ̀. Lórí 1440p, tí ẹ bá yan Quality, nǹkan bíi 1,707 sí 960 ni káàdì ń yà gan-an. Cyberpunk padà sí àgbègbè 60 lórí Ultra, ojú mi ò sì bínú sí i. Nǹkan gidi ni. Mo gba gbogbo ẹni tó ní 4060 nímọ̀ràn pé kó lò ó lórí 1440p.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ná. Lórí 4K, tí ẹ bá yan Performance, 1080p ni káàdì yẹn ń yà. Tí ẹnì kan bá wá ya fídíò rẹ̀ tó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé “RTX 4060, 4K Ultra, kò já,” ṣé irọ́ ló pa? Kò pa irọ́. Ṣé òótọ́ ló sọ? Ìdajì ni. Ní kóòtù, wọ́n máa ń ní kí ẹlẹ́rìí sọ òótọ́, kó sọ gbogbo òótọ́. Gbólóhùn kejì yẹn ni àwọn tó ń polówó máa ń fò dá.

Frame Generation tún wà, tó ń dá férémù sáàárín méjì tí káàdì yà fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà á gòkè, àwòrán á dán. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, férémù tí káàdì yà fúnra rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ yín. Èyí tí wọ́n dá sáàárín kò mọ̀ pé ẹ tẹ nǹkan kan. Tí ìpìlẹ̀ bá jẹ́ 20, bí 20 ló ṣe máa rí lọ́wọ́ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú, 40 ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn tó ń tajà ní kékeré nìkan. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, lórí ìpàtẹ CES ní Las Vegas, Jensen Huang tó jẹ́ ọ̀gá àgbà NVIDIA dúró lórí pèpéle, ó ní RTX 5070 tí wọ́n máa tà ní dọ́là 549 máa ṣe bíi RTX 4090, èyí tí wọ́n gbé jáde ní dọ́là 1,599. Ẹni tó bá tẹ́tí dáadáa á gbọ́ pé ọgbọ́n férémù àtọwọ́dá wà nínú ìṣirò náà. Ẹni tí kò tẹ́tí, àpò rẹ̀ nìkan ló máa gbọ́.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà lówó lórí

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ariwo. Nígbà tí mo ń kọ̀wé tàbí tí mo ń wo fíìmù, fáànù méjèèjì ara káàdì yìí dúró pátápátá. Tí géèmù bá bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń yí. N kò fi áàpù fóònù wọn ariwo, nítorí irú áàpù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé. Ohun tí mo ṣe ni pé mo pa fáànù ilé, mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó, mo tẹ́tí sí aago ara ògiri. Nínú bọ́ọ̀lù lórí 1080p, tí mo fi òté lé férémù pé kó má kọjá 60, mo ń gbọ́ aago dáadáa, n kò gbọ́ káàdì. Nínú Cyberpunk, mo ń gbọ́ káàdì bí ẹni tó ń mí lójú oorun, aago sì ti pòórá. Ìgbóná rẹ̀ kò kọjá 74°C.

Ẹ fi ti yàrá sọ́kàn o. Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí a ń kà láti òkè òkun, yàrá tó tutù ni wọ́n ti ṣe é, nígbà míì kì í ju 22°C lọ. Fáànù ara káàdì kò lè mú káàdì tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí i lọ. Tí yàrá yín bá fi dìgíríì mẹ́sàn-án gbóná ju tiwọn, káàdì yín náà á gbóná tó bẹ́ẹ̀ sí i, tàbí kí fáànù máa sáré sí i kó lè dí i. Káàdì tó “dákẹ́” ní Jámánì lè má dákẹ́ ní Muṣin. Nítorí náà, kì í ṣe fáànù nìkan ló yẹ kẹ́ ẹ wò, ẹ wo wáàtì. Wáàtì tí káàdì bá jẹ ló ń di ooru, ooru ló ń di fáànù tó ń sáré, fáànù tó ń sáré ló ń di ariwo. Káàdì tó ń jẹ 115 ní iṣẹ́ tó kéré láti ṣe ju èyí tó ń jẹ 170 lọ, bíi RTX 3060 tó ṣáájú rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì máa sọ: “Jẹnẹrétọ̀ ń dún ní ìta, ẹ wá ń sọ ti fáànù?” Òótọ́ ni. Tí I-better-pass-my-neighbour bá ti ń ké lẹ́yìn wíńdò, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ fáànù káàdì. Ṣùgbọ́n nǹkan ti ń yí padà. Ọ̀pọ̀ wa ti bọ́ sórí inverter, àwọn kan sì wà ní Band A. Nínú méjèèjì, wáàtì ni owó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó iná Band A dé náírà 225 fún kilowatt-hour kan. Tí káàdì 115 wáàtì bá ṣiṣẹ́ ní kíkún fún wákàtí mẹ́rin lóòjọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ó jẹ́ 13.8 kilowatt-hour, ìyẹn náírà 3,105. RTX 3060 tó ń jẹ 170 á jẹ náírà 4,590. RTX 4090 tó ń jẹ 450 á jẹ náírà 12,150. Káàdì nìkan nìyẹn, ẹ kò tíì ka mọ́nítọ̀ àti ìyókù kọ̀ǹpútà mọ́ ọn.

Ti inverter tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì lithium 12.8V, 100Ah, 1.28 kilowatt-hour ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Tí gbogbo ẹ̀rọ yín bá ń jẹ 250 wáàtì, ẹ kò ní rí tó wákàtí márùn-ún kó tó tán, nítorí inverter fúnra rẹ̀ máa bù díẹ̀ jẹ. Tí wọ́n bá ń jẹ 500, ẹ gé e sí méjì. Tí Nẹ́pà bá mú iná lọ ní aago méje alẹ́, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnì kan á parí eré rẹ̀, ẹlòmíì á jókòó sínú òkùnkùn láago mẹ́sàn-án. Ẹ má sì rò pé géèmù nìkan ni mò ń sọ. Àwọn ọ̀dọ́ púpọ̀ ló ń fi káàdì kan náà tún fídíò òde ṣe, tí wọ́n fi ń jẹun. Wákàtí méjì iná lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ tó yá àti oníbàárà tó bínú lọ.

Àṣírí kan tún rèé, ọ̀fẹ́ sì ni: ẹ fi òté lé férémù yín. Tí mọ́nítọ̀ yín bá ń yí ojú padà ní ìgbà 60 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, férémù 140 tí káàdì ń yà kò dé ojú yín ní kíkún, ẹ̀ ń sun iná lásán ni. Nígbà tí mo fi òté 60 lé bọ́ọ̀lù, iná tí káàdì ń jẹ já wálẹ̀ gan-an, ariwo sì bá a lọ.

Ẹjọ́ káàdì kan tó yẹ ká mọ̀

Nítorí pé òfin ni mo kà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti GTX 970. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014 ni NVIDIA gbé e jáde, wọ́n ní mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ 4GB. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, àwọn tó rà á ti ṣàkíyèsí pé 3.5GB nínú rẹ̀ ló ń sáré, 0.5GB tó kù lọ́ra gan-an. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù ní California. Ẹjọ́ náà kò dé ìdájọ́. Ní ọdún 2016, wọ́n yanjú rẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn pé àwọn tó ra káàdì náà ní Amẹ́ríkà lè gba dọ́là 30 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Pé nínú géèmù tí kò lò tó 3.5GB, bó ṣe máa ń rí lórí rẹsolúṣọ̀n kékeré nígbà náà, kò sẹ́ni tó lè fura. Ìgbà tí wọ́n gbé rẹsolúṣọ̀n sókè tí mẹ́mọ́rì kún ni àlébù yọjú. Àwọn tó rà á ló wọ̀n ọ́n, ìwọ̀n wọn ló sì di ẹ̀rí.

Irú rẹ̀ wà lára 4060 náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fi í pamọ́: 8GB ni mẹ́mọ́rì rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síta gbangba. Lórí 1080p, ó tó fún ọ̀pọ̀ géèmù. Nígbà tí Hogwarts Legacy àti The Last of Us Part I dé orí kọ̀ǹpútà ní ọdún 2023, àwọn tó ní káàdì 8GB rí i pé ìpele àwòrán tó ga jù lè kún mẹ́mọ́rì náà, kí géèmù sì máa há. Ìpíndọ́gba FPS á ṣì dára lójú, 1% low ló máa sọ òótọ́.

Àwa náà ní òfin níbí. Òfin FCCPA ti ọdún 2018, tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, kò fàyè gba kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn ta ọjà fún oníbàárà. Ó tún ní kí ẹni tó bá ń ta ọjà tí wọ́n tún ṣe fi hàn gbangba pé wọ́n tún un ṣe. Èyí kan àwọn káàdì tòkunbọ̀ tó ti fi ọdún gbáko wa owó kírípítò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ethereum, tó jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lò wọ́n jù, kò nílò káàdì gíráfíìsì mọ́ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, nítorí náà 4060 tó jáde lẹ́yìn ìgbà náà kò bá wọn ṣiṣẹ́ yẹn. 3060 lè ti ṣe é, kẹ́ ẹ béèrè dáadáa.

Òfin wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́ kò ní ohun tó máa gbé lọ bá òfin. Kí lẹ máa sọ fún FCCPC? Pé wọ́n ní “ó gbé e gan-an”? Ẹ̀rí yín gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè

Tẹ́ ẹ bá lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, tàbí tẹ́ ẹ bá ń bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lórí fóònù, ẹ kọ ìbéèrè mẹ́rin yìí ránṣẹ́, kí ìdáhùn sì wà ní kíkọ.

Èkíní: nínú géèmù tí mò ń ta, lórí rẹsolúṣọ̀n mọ́nítọ̀ tèmi, férémù mélòó ni, kí sì ni 1% low rẹ̀?

Èkejì: ṣé wọ́n tan DLSS tàbí Frame Generation nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n?

Ẹ̀kẹta: wáàtì mélòó ló ń jẹ, ṣé power supply tèmi gbé e?

Ẹ̀kẹrin: ṣé tuntun ni, àbí wọ́n ti lò ó rí, iṣẹ́ kí ni wọ́n sì fi ṣe?

Tí wọ́n bá lè tan án níwájú yín, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí, kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fi etí yín gbọ́ ọ, ẹ fi ojú yín rí i.

Tẹ́ ẹ bá wá bi èmi léèrè nípa RTX 4060, ìdáhùn mi rèé, mo sì lè dúró tì í: fún mọ́nítọ̀ 1080p, káàdì tó péye ni, ẹ máa gbádùn ẹ̀. Fún 1440p, ó máa ṣe é tẹ́ ẹ bá gbà láti sọ ìpele àwòrán kalẹ̀ díẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ tan DLSS. Fún 4K, bọ́ọ̀lù àti àwọn géèmù tí kò wúwo nìkan ni. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ó kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó fi ìwọ̀n rẹ̀ hàn yín. Tẹ́ ẹ bá sì ti ní 3060 tó ní 12GB lọ́wọ́, ẹ fọwọ́ wọ́nú, owó yín ṣì lè ṣe nǹkan míì.

Ẹni tó bá ní owó 4090, kó rà á, owó rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó ń kó owó oṣù mẹ́fà jọ láti ra agbára 4K sẹ́yìn mọ́nítọ̀ 1080p, tí inverter rẹ̀ kò sì gbé e fún wákàtí mẹ́ta, kò ra agbára. Ariwo ló rà.